Àtọ́kẹ́ Onídìrí àti Èpè Tó Di Orin

Bí ẹ bá mọ Ìgándò kí wọ́n tó la títì ńlá yẹn, ẹ ó mọ ìsọ̀ Àtọ́kẹ́ onídìrí. Páànù mẹ́rin, bẹ́ǹṣì kan, àpótí tí oníbàárà ń jókòó lé, àti dígí tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà lórí èèyàn, ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́. Ó lè máa di ṣùkú fún ọ, kó máa sọ ìtàn ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ Èkó, kí ìtàn náà sì parí pẹ̀lú irun tó kẹ́yìn gan-an.

Ìtàn kan ṣoṣo ni kì í sọ, ti Rídwàn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí bàbá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ fún un ní kékeré.

Rídwàn ń kọ́ iṣẹ́ panẹ́bítà lápá Egan. Ó ku oṣù méje kó gba fíríìdọ̀mù ló da irinṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́, òun ń bá àwọn kan lọ sí Kútọnu. Àtọ́kẹ́ gbá a létí ní gbangba, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó fọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó bá ọ̀nà lọ. Ọdún méjì kọjá, kò pè, kò ránṣẹ́.

Lọ́dún 2009 ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fẹ́kọ́mi, olórin láti Ẹ̀gbẹ́dá, dé sí ìsọ̀ Sùrájù tó ń ta sídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àtọ́kẹ́. Òun àti Ṣóbọ̀wálé, ọkùnrin tó máa ń ya fídíò, ni wọ́n jọ wá. Wọ́n ń wá obìnrin tó máa ṣe ìyá nínú fídíò orin tuntun.

Sùrájù bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá tó lẹ́nu lẹ ń wá? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ mi níbí."

"Kí ni mo máa sọ?" Àtọ́kẹ́ bi wọ́n.

"Kò ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ, Màmá," Fẹ́kọ́mi dáhùn. "Èmi ni ọmọ yín. Mo fẹ́ sá nílé. Ẹ bẹ̀ mí títí, mi ò gbọ́, ẹ wá fọmú ṣépè fún mi."

"Ọmú wo? Èyí tó ti di sìlípáàsì yìí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ó sì gbà fún wọn.

Àyíká ilé kan ní Ayọ̀bọ̀ ni wọ́n ti yà á. Wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan, kò dáa. Wọ́n tún un yà lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Àtọ́kẹ́ ń ka ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé níwájú tíṣà. Ṣóbọ̀wálé bá gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ gbàgbé ìwé yìí. Ẹ ṣáà máa wo Fẹ́kọ́mi. Ọmọ yín ló ń lọ yẹn o. Ọmọ yín gan-an."

Fẹ́kọ́mi gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń lọ. Ẹ̀yìn yẹn, èjìká yẹn, báàgì yẹn!  Àtọ́kẹ́ ò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀, kò mọ ìgbà tó fa ọmú yọ.

"Rídwàn! Rídwàn! Bó bá jẹ́ ọmú yìí lo mu dàgbà, tó o bá jáde nílé yìí, o ò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́!"

 Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àtọ́kẹ́ fa bùbá bo àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò."

"Ẹ má ṣèyọnu, Màmá," Ṣóbọ̀wálé ní. "A máa tún un ṣe."

Wọn ò tún nǹkan kan ṣe. Nígbà tí orin náà jáde, tí wọ́n pè é ní Mo Ti Lọ Ná, ohùn Àtọ́kẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Rídwàn! Rídwàn! O ò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́!" Ìlù á wá wọlé. Gbogbo ibi tí Fẹ́kọ́mi bá ti mí nínú orin ni wọ́n tún ti fi ohùn yẹn sí. Láti Ìkòtún títí dé Abúlé Ẹ̀gbá, orin náà gba ìgboro. Ọmọdé tó ń bọ̀ láti iléèwé ń kọ ọ́, oníbáábà ń fi í gẹrun.

Ariwo wá bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n fi kùrukùru bo ọmú yẹn nínú fídíò, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ ohun tó wà lábẹ́ kùrukùru? Ilé tẹlifíṣọ̀n kan ní òun ò ní fi í hàn mọ́, wọ́n ní kí ni ìyá ọlọ́mọ ń bọ́ra sí níwájú ọmọdé. Lèmọ́mù fi ṣe wáàsí, pásítọ̀ náà fi ṣe ìwàásù. Àbí ẹ̀yin náà ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ní ká má wò lojú máa ń wá? Orí fóònù ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ síra wọn.

Àwọn obìnrin àsàlátù ní kí Àtọ́kẹ́ máa jókòó lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà ń dápàárá: "Ìyá Rídwàn, ẹ má ṣépè fún irun mi o!" Gbogbo ìyẹn, ó gbé e mì. Èyí tí kò lè gbé mì ni ohùn ara rẹ̀ tó ń lé ọmọ rẹ̀ sílùú òkèèrè láàárọ̀, lọ́sàn-án.

Ó tọ Ààfáà kan lọ ní Egan. Ó ṣàlàyé, ó wá fi kún un pé, "Eré ni o, Ààfáà."

Ààfáà wò ó. "Tó bá jẹ́ eré, kí lẹ wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Àtọ́kẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tóun máa ṣe.

"Ẹnu tó so ó ló máa tú u," Ààfáà ní. "Ẹ bu omi tútù sẹ́nu, ẹ tú u dà nù, ẹ pe orúkọ ọmọ yín, ẹ gba ọ̀rọ̀ náà padà. Kẹ́ ẹ sì tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

Ó ṣe é lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Sùrájù fi ṣí ìsọ̀, ó tan ẹ̀rọ: "Rídwàn! Rídwàn!"

Àtọ́kẹ́ já dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Sùrájù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má lo orin yẹn mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á padà ni, o tún ti rán an lọ."

"Ìyá Rídwàn, bí mi ò bá lò ó, ẹni òdìkejì á lò ó. Ẹ ti di gbajúmọ̀, ẹ máa jayé yín jàre!"

Àtọ́kẹ́ gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ. Fẹ́kọ́mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, orin tó ti jáde ò ṣeé kó padà. Ẹyin lohùn, tó bá bọ́..."

"Ẹyin tèmi ló fọ́, ìwọ ní tìẹ ń dín in jẹ. Gba ohùn mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tú u, kó o fi parí orin náà. Mi ò bẹ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Fẹ́kọ́mi ń wo ilẹ̀. "Wọ́n á ní ó ba orin jẹ́, Màmá."

Àtọ́kẹ́ padà sílé. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi kékeré sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ìgbàkígbà tí orin náà bá dún, á fi irun sílẹ̀, á bu omi sẹ́nu, á tú u dà síta: "Rídwàn, mo gbà á padà. Wàá mọ ọ̀nà ilé." Bí orin bá dún nígbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe àmín. Sùrájù pàápàá, bí orin bá ti fẹ́ dé ibi orúkọ yẹn, á yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Àsìkò òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni fóònù rẹ̀ dún, nọ́ńbà àjèjì.

"Màmá."

Ó dìde dúró.

"Kútọnu ni mo wà. Orin yín ni wọ́n fi ń pè mí ní garéèjì níbí. Màmá, ṣé ẹ fi ọkàn sọ ọ́?"

Eré ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ètè rẹ̀. Ó rántí ojú Ààfáà, ó gbé e mì.

"Mo fi ọkàn sọ ọ́, ọmọ mi. Inú ló ń bí mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbà á padà lójoojúmọ́."

 Àtọ́kẹ́ ń gbọ́ bí Rídwàn ṣe ń mí. Fóònù wá já.

Kò tún pè. Orin mìíràn dé, wọ́n gbàgbé ti Fẹ́kọ́mi. Katakata dé sí Ìgándò, wọ́n ń fẹ títì. Wọ́n wó ilé, wọ́n hú igi máńgòrò tí wọ́n fi ń mọ ẹnu ọ̀nà ilé Àtọ́kẹ́, wọ́n wó ìsọ̀ Sùrájù àti ti Àtọ́kẹ́. Ó kó páànù rẹ̀ wọ inú àdúgbò lọ, kẹ́ẹ̀gì omi náà sì bá a lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó ń dirun fún tíṣà kan tó ń jẹ́ Olúfúnkẹ́, ó sì ń ròyìn fún un lọ ràì. Fóònù dún.

"Màmá, mo ti dé Ìgándò. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yí kiri. Mi ò mọ ọ̀nà ilé mọ́."

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lò ń rí níwájú rẹ?"

"Yẹ̀pẹ̀ pupa. Katakata. Mi ò rí igi máńgòrò wa."

"Dúró síbẹ̀. Má gbẹ́sẹ̀!"

Ó fi Olúfúnkẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orí ààbọ̀, ó ń sáré láìwọ bàtà. Láàárín erùpẹ̀ ló ti rí i, ó ti rù, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Àtọ́kẹ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ṣẹ, Màmá," Rídwàn ní.

"Ó ṣẹ. Ìdí tí mo fi wá mú ọ nìyẹn. Ó yá, máa tẹ̀ lé mi."

Kò fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ìsọ̀. Ó fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fa kẹ́ẹ̀gì yọ lábẹ́ rẹ̀, ó bu omi fún un. Rídwàn mu ún tán, ó tún na ife sí i. Àtọ́kẹ́ bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ló mú òòyà rẹ̀ nílẹ̀, ó padà sórí Olúfúnkẹ́, ó sì di irun náà parí láìsọ ọ̀rọ̀ kan.