Oríkì Tí Mutmainnah Pè ní Pápá

Ohùn Mutmainnah tí Sìdí gbọ́ kẹ́yìn, orí fóònù ló ti gbọ́ ọ, ní Gbági, níbi tó ti lọ ra òwú àti bọ́tìnnì tó ń tà l'Ọ́jà'ba. Ariwo pọ̀. Ó fi ìka di etí kejì.

"Ìyá mi, mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Mo pe oríkì ọmọ yẹn. Ẹkún ló bú sí!"

"Ẹkún kẹ̀? Báwo lo ṣe pè é?"

"Bẹ́ ẹ ṣe ń pe tèmi náà ni. Ó sá kúrò ní pápá. Wọ́n ní ìyá àgbà ẹ̀ nìkan ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá náà sì kú nínú ààwẹ̀ tó kọjá. Màá lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn ní Beyerunka lọ́jọ́ Sátidé."

"Jẹ́ kí n délé ná. A ó sọ ọ́."

Wọn ò sọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, ọ̀kadà tó gbé Mutmainnah forí sọ mọ́tò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sin ín.

Iṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá ni Mutmainnah ń kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì rán òun àti Ìtùnú, ọ̀rẹ́ ẹ̀, lọ sílé ẹ̀kọ́ kan lápá Bẹẹrẹ fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Karimat. Bí Mutmainnah bá fọn fèrè pé kí wọ́n tò, Karimat á fi ètè fọn tiẹ̀, gbogbo ìlà á dà rú. Bó bá ní kí wọ́n sáré, Karimat á máa rìn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ó ní kó kúnlẹ̀. Ọmọ ń fi orúnkún jó. Ó ní kó lọ dúró lọ́tọ̀. Ọmọ kó ẹgbẹ́ mọ́ra níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fákọ́lá, tíṣà àgbà tó ń mójú tó wọn, ní, "Àǹtí kọ́lẹ́ẹ̀jì, pàṣán mẹ́fà péré, fèrè ẹnu ẹ̀ á gbẹ."

Mutmainnah ò fẹ́ na ọmọ. Ìyẹn ló ṣe bi ìyá ẹ̀ léèrè. Sìdí, tí kò kọjá pírámárì mẹ́ta, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tíṣà wọ̀nyí! Orí là ń kì, a kì í lu orí. Wádìí oríkì ẹ̀, kó o pè é lójú ẹgbẹ́ ẹ̀. Orí ẹ̀ á wú, á gbọ́ràn."

Bó ṣe tọ́ ọmọ márùn-ún nìyẹn. Kò rò ó wò pé oríkì ọmọ lè wà lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ọ̀gbẹ́ni Fákọ́lá wá kí i.

"Ìyá, ọmọ yín mọṣẹ́. Látọjọ́ tó ti pe oríkì ọmọ yẹn, ó ń tò, ó ń sáré. Ojú ti èmi tí mo fi pàṣán ṣe tíṣà fógún ọdún."

Sìdí ṣàdúà fún un. Àfi bí Ìtùnú ṣe dé lọ́jọ́ kejì, tí Sìdí sọ ọ̀rọ̀ tíṣà àgbà fún un.

"Karimat kẹ̀? Ìyá, látọjọ́ yẹn, kò mà wá sílé ẹ̀kọ́ mọ́."

Ta ni kó gbà gbọ́? Àánú lè mú àgbà purọ́ fún ọlọ́fọ̀. Ìtùnú náà, tó ń sunkún láti ẹnu ọ̀nà, kí ló lè rí dáadáa nílé ẹ̀kọ́? Bó bá sì jẹ́ òun ló sọ òótọ́, a jẹ́ pé ìmọ̀ràn Sìdí ló lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ó ní kí Ìtùnú júwe ilé wọn fún òun, ó múra, ó gba Beyerunka lọ. Sátidé ló mú, torí Sátidé lọmọ ẹ̀ dá. Ó débẹ̀ tán kó tó rí àṣìṣe ẹ̀: lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ọmọ ló ń wà nílé, èyí tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ àti èyí tí kò lọ. Ọmọbìnrin mẹ́ta ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Kò mọ Karimat rí. Ó mọ oríkì ẹ̀ ṣá, Mutmainnah ti sọ ọ́ fún un: Àwẹ̀ró. Bó bá pè é, èyí tó bá yíjú ni.

Ó la ẹnu, ó rántí ẹkún tí oríkì yẹn fà ní pápá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló jáde.

"Ẹ ṣé mà. Ta lẹ ń wá?"

"Mo ṣìnà ni, ọmọ mi."

Sátidé mẹ́rin ti kọjá. Ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ Karimat.