Sátidé Tí Mo Gbá Pápá Bọ́ọ̀lù Wọn

Nígbà tí ọmọ mi wà ní kékeré, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn: ẹni tó ṣubú ní kíláàsì, ohun tí tíṣà wí, ajá tó rí lójú ọ̀nà. Èmi á máa bọ́ bàtà, òun á máa sọ. Mi ò mọ ọjọ́ tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tó fi wọ ọdún ìkẹyìn ní ilé ìwé girama, "Ẹ káàbọ̀, mà" nìkan ni mò ń gbọ́, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ á sì pa dé. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Besibọ́ọ̀lù ló gbà á lọ́wọ́ mi, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Bí oṣù kẹjọ bá sì dé, yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn ni yóò gbà á.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ni mo sì ń rí fún ara mi. Láti ìgbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà, ẹ̀yìn wáyà ni mo ti mọ pápá wọn, nígbà tí mo bá fi mọ́tò lọ gbé e. Kò sọ fún mi rí pé kí n wá wòran. Èmi náà kò béèrè. Mò ń dúró kó pè mí.

Ní oṣù kìíní, nígbà tí òtútù Dallas ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, kóòṣì wọn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwa òbí: kí ẹni tó bá ráyè wá ní Sátidé, kí a jọ tún pápá ṣe de sáà tó ń bọ̀. Mo fi han ọmọ mi nídìí oúnjẹ.

"Kò pọn dandan, Mọ́mì," ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. "Àwọn bàbá ló máa ń wá."

Bàbá rẹ̀ wà lójú títì, ó ń wa tírélà lọ sí California. Mo bá ẹnì kan níbi iṣẹ́ pààrọ̀ Sátidé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń gbé ní DeSoto, pè mí.

"Wọ́n ní o ò sí níbi iṣẹ́ lọ́la. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Àwọn òbí fẹ́ lọ tún pápá ṣe ní ilé ìwé ọmọ mi. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá."

"Bọ́ọ̀lù wo? Èyí tí wọ́n á dúró, wọ́n á dúró, ẹnì kan á wá fi igi na nǹkan, gbogbo wọn á tún dúró? Ìyẹn náà ni bọ́ọ̀lù?"

"Òun náà ni, mà."

"Ìwọ tí ìbàdí ń dùn! Ó dáa, bá mi kí àwọn adúróṣánṣán."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Pápá náà kò jìnnà sí ilé wa ní Pleasant Grove. Nígbà tí a dé, àwọn bàbá ti ń so àwọ̀n, àwọn kan ń kun ògiri. Ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ kí n tó pa mọ́tò, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kóòṣì fún èmi àti ìyá kan tó wá láti Mẹ́síkò ní ìgbálẹ̀ onígi gígùn, ó ní kí a gbá abẹ́ òrùlé tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sí. A gbá a tán. Ìyá náà lọ po kọfí. Ọkọ̀ tó kó iyanrìn wá dé ní ẹ̀yìn ilé ìwé, gbogbo ọkùnrin sì gba ibẹ̀ lọ.

Ó ku èmi nìkan. Mo bojú wo pápá. Ilẹ̀ Dallas dúdú, ẹ̀ẹ̀rùn a sì máa là á bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ọmọ ti ń sáré yìí pupa, ó pupa bí àgbàlá wa ní Iléṣà. Mo dúró, mò ń wò ó. Ohun tó bà á jẹ́ lójú mi ni èérún kan tó fọ́n ká orí rẹ̀, bí bíríkì tí wọ́n fọ́ kúnná bíi gàrí. Ìyá mi kì í jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ di ìgbà tí oòrùn bá yọ. Ó ní ojúde ni àlejò fi ń mọ inú ilé.

Mo di ìgbálẹ̀ mú nísàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Mò ń gbá, mò ń fà sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ mi má baà hàn lórí ibi tó ti mọ́. Láti ibi tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń dúró, títí dé bésì àkọ́kọ́, ibi tó máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, mo gbá a tó fi ń dán. Mo kó èérún náà jọ sí ẹ̀bá wáyà. Mo fẹ́ kí ọmọ mi dé kó bá a bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọkùnrin náà ti báárò iyanrìn dé, gbogbo wọn sì dúró. Kóòṣì ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé.

"Mà," ó ní, "kò sí ilé tó mọ́ tó èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ gbá yẹn, àwa la dà á síbẹ̀. Òun ló ń fa omi mu bí òjò bá rọ̀."

Ọmọkùnrin kan kígbe sí ọmọ mi pé, "Ẹ gbà wá o, ìyá ẹ ti gbá pápá wa dà nù!" Ẹ̀rín sọ.

Ọmọ mi sún mọ́ mi. Kò gbójú sókè. "Mọ́mì, ẹ lọ dúró sínú mọ́tò."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ mọ́tò yẹn, mo mọ̀ pé mi ò ní jáde níbẹ̀ mọ́ títí yóò fi lọ sí yunifásítì.

"Ẹni tó gbá a ni yóò dá a padà," mo sọ fún un ní Yorùbá.

Ó wò mí. Ó lọ mú réèkì méjì wá.

Ó fi ṣọ́bìrì da èérún náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ: kí n má tẹ réèkì mọ́lẹ̀, kí n kàn máa fà á, kó má nípọn níbì kan kó fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá bá ibi tó ga, ó lè ta sókè lu èèyàn lójú. Ó fi eyín rẹ̀ kan tó kán díẹ̀ hàn mí, tí mi ò mọ̀ sí. Ohùn rẹ̀ ti nípọn, ohùn bàbá rẹ̀ gan-an. Gbogbo ohun tó ń sọ ló yé mi ní ẹ̀ẹ̀kan. Síbẹ̀ mò ń béèrè, "Báyìí?" "Kí ló dé tí ibí kò fi gbọdọ̀ ga?" "Tún un ṣe kí n rí i." Kó má baà dákẹ́ ni.

Nígbà tí a ṣe é dé bésì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é, ó sì sáré lọ.

Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń lọ sílé, ó ní, "Kóòṣì béèrè bóyá ẹ lè máa wá bá wọn tẹ́ ẹ."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ máa ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé."

Iná pupa dá wa dúró.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù tó ń bọ̀ la máa kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ṣá," ó ní.

"Ṣé kí n wá?"

"Tí ẹ bá fẹ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́?"

Ó kọjú sí fèrèsé. Iná ti di aláwọ̀ ewé, ẹni tó wà lẹ́yìn wa ti ń fọn fèrè, mi ò tíì ṣípò.

"Ẹ wá, mà," ó ní, ní Yorùbá. "Ẹ ṣáà má gbá ilẹ̀."

Mo wakọ̀ lọ. Mò ń rọra wà á títí a fi délé, nítorí ọ̀nà náà kúrú, oṣù kẹjọ kò sì jìn.