Ìlà Tí Ọ̀gá Gé Kúrò Lábẹ́ Ìṣirò

Ìyá Oníṣirò ni gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń dán irúgbìn wò máa ń pè é. Odindi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí tábìlì kan náà, tó ń fi ìṣirò wádìí bóyá irúgbìn ló mú kí ìkórè yàtọ̀ síra àbí ó kàn ṣèèṣì. Ẹ má bá a ṣàwàdà nídìí nọ́ńbà o, ojú ẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Àgbàdo tuntun kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Oko mẹ́rin ni wọ́n gbìn ín sí, tòun ti àgbàdo àtijọ́. Méjì so bákan náà láti poro dé poro, àwọn méjì yòókù ń ṣe ségesège. Bí oko bá ti rí báyẹn, ìdánwò tó péye ò sí mọ́, àfojúbù ló kù. Ó ṣe é, àgbàdo tuntun fi díẹ̀ borí ti àtijọ́. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé àfojúbù lásán ni, kí wọ́n tún un gbìn kí wọ́n tó pín in fáwọn àgbẹ̀.

Ọ̀gá ibẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí, Ìyá Oníṣirò ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá yìí sọ fún un pé àwọn ti tún un gbìn lókè odò, èsì kan náà ni. Inú Ìyá Oníṣirò dùn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ béèrè, ó ní kó gbìn ín.

Àgbàdo ò so. Àwọn àgbẹ̀ ya bo ọ́fíìsì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ọ̀gá gbé ìwé ìṣirò náà sókè, ó ti gé ìlà ìsàlẹ̀ kúrò.

"Ẹni tó buwọ́ lù ú rèé," ó ní. "Ohun tí Màmá ṣírò fún wa la tẹ̀ lé."

Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Oníṣirò wọ eegun. Ó mú ẹ̀dà tirẹ̀ jáde látinú fáìlì, ó sì kà á fún wọn délẹ̀délẹ̀. Wọ́n bi ọ̀gá léèrè ìgbìn kejì, ó jẹ́wọ́ pé kò sí. Ni àwọn àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kò bá wọn tọrọ àforíjì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó sún mọ́ tábìlì.

"Ìgbìn kejì tó sọ fún ẹ yẹn, ṣé o rí nọ́ńbà ẹ̀?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbà á gbọ́ ni."

"Ìwọ lèmi náà gbà gbọ́."