Ọ̀sẹ̀ Méjì Tí N Kò Dé Slipway

Mo máa ń tètè bínú. Ọkọ mi mọ̀, àwọn ọmọ mi mọ̀, àwọn ará àdúgbò wa ní Barnersville náà mọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbínú kan wà tí mo bí ní Monrovia, olú-ìlú Liberia, ní ọdún mélòó kan kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí di òní.

Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé girama, èmi ń ránṣọ nílé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwa Yorùbá mélòó kan máa ń pàdé nínú kíláàsì kan láti jọ́sìn lédè wa. Ọ̀kan nínú àwa obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ló dá a lábàá pé kí olúkúlùkù wa mú ọmọ kan lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀, tí àìjẹunkánú ti sọ di egungun, kí a máa bọ́ ọ títí yóò fi lókun. Gbogbo wa ṣe àmín. Àmín ò ná wa ní nǹkan kan.

Ọmọbìnrin kan ní Slipway, àdúgbò kan létí omi, ló kàn mí. Ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀, síbẹ̀ kò lè dìde dúró. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń bá àwọn apẹja ṣa ẹja létí omi. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi gan-an.

“Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó já o. Mílíìkì, ẹyin, ẹ̀wà, every week. Bí àìsàn mìíràn bá ká ọmọ yìí mọ́ báyìí, ara rẹ̀ ò ní lè gbà á.”

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ takisí dé ọjà Waterside, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù pẹ̀lú báàgì tó fẹ́ yọ mí léjìká. Ìyá ọmọ náà gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Thank you, ya.” Ó tán. Ó yíjú sí ìkòkò tó wà lórí iná.

Mo padà sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí mo ń retí. Ẹni tí a ṣe lóore lánàá gbọ́dọ̀ wí i lónìí: ẹ ṣé àná o. Bí ọ̀nà bá jìn, á wí i lọ́jọ́ tí ẹ bá tún pàdé, kódà bí oṣù kan ti kọjá. Mo sì ti júwe ilé wa fún obìnrin yìí. Sunday kọjá, Monday kọjá. Ní Thursday, a pàdé ní Rally Time Market. Ó ti òkèèrè kí mi, ó bèèrè àwọn ọmọ mi, ó ń yọ̀ mọ́ mi. Mo tilẹ̀ gbé agbọ̀n mi sílẹ̀ kí ó lè ráyè dúpẹ́. Kò mẹ́nu kan mílíìkì.

Sátidé kejì, bákan náà. Ìkẹta, bákan náà. Ìkẹrin, mi ò lọ mọ́. Mo ní aṣọ oníbàárà pọ̀ nílẹ̀. Ìkarùn-ún, mo ní òjò ń rọ̀, bí ẹni pé òjò jẹ́ tuntun ní Monrovia.

Ìkẹfà náà ń lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ mi gbójú sókè nínú ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì. “Ọmọ Slipway yẹn ńkọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá rẹ̀ ò moore.”

“Ṣé ọpẹ́ ni nọ́ọ̀sì ní kó o lọ máa gbà wá níbẹ̀ ni?”

Inú túbọ̀ bí mi, nítorí òótọ́ ló sọ. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó mílíìkì àti ẹyin sínú báàgì, ó mú agbòjò. Ọkùnrin tí kò mọ ilé náà rárá! Mo já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jọ lọ.

A bá ọmọ náà lórí ẹní. Ó ń fi ojú bá wa lọ, kò sunkún. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ọmọ tó bá ṣì ń sunkún ṣì ní agbára díẹ̀. Ìyá rẹ̀ sáré dìde, ó gba ọwọ́ mi méjèèjì mú.

“My sister! Ọlọ́run ti pèsè fún yín!” Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan ti há fún wa, pé àràárọ̀ ni òun ń gbàdúrà fún ilé wa. Ó ní òun ò jẹ́ yọjú sí wa, nítorí ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan kì í lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó fún un, kí onítọ̀hún má baà rò pé ó tún wá tọrọ.

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà ti bá mi wá àwíjàre. Ohun tó kù ni kí n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè mi orí.

“Nǹkan kan ò há fún wa,” mo ní. “Mílíìkì wà nílé. Inú ló bí mi pé o ò wá dúpẹ́.”

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Bó bá lé mi jáde, mo jẹ̀bi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà kúrò lórí ẹní, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Inú ń bí èmi náà,” ó ní. “But the child hungry. Fún un jẹ.”

Ọkọ mi fi omi gbígbóná po mílíìkì. Ṣíbí àkọ́kọ́ ṣàn jáde lẹ́nu ọmọ náà. Ìkejì, ó gbé e mì. Omi ń dà lójú mi, mi ò ráyè nù ún. Nígbà tí mílíìkì inú ife ń tán lọ, ọmọ náà na ọwọ́ tín-ínrín kan, ó gbá ọrùn ṣíbí mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.