Páánù Tó Yọ Sójú Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mi ò yé ṣe kàyéfì sí: prọ́jẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé kan ní Ṣàngó, kò sì sí ọjọ́ tí mi ò bá a pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó fẹ́ jáde á ní òun ń ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì. Ìjọba á gbẹ́ kànga, wọ́n á ri pátákó mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé prọ́jẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri mọ́sálásí wa nígbà wáàsí, inú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Bí ọmọ kan bá dìde kàwé, tó ń kà á bí ẹni tí wọ́n ki òwú bọ̀ lẹ́nu, èmi gan-an á ní kó prọ́jẹ́ẹ̀tì ohùn rẹ̀. Káfíńtà tó kan òrùlé ilé bàbá mi náà ní tirẹ̀: ibi tí páánù bá ti kọjá ògiri tó yọ síta, prọjẹ́kṣọ̀n ló ń pè é.

Ti káfíńtà yìí ló kàn wá jù nílé.

Agbo ilé wa kò jìnnà sí ọjà Ipata. Àáfà ni bàbá mi. Abẹ́ páánù tó yọ síta yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ibẹ̀ ni èmi náà ti gbé wàláà lé itan kí n tó mọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kankan, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un títí dòní. Ní báyìí, orúnkún ń dun bàbá, wọn kì í lè rìn jìnnà mọ́. Ibòòji yẹn ni iṣẹ́ wọn kù sí. Bí ó bá lọ, mi ò mọ ibi tí wọ́n tún máa jókòó sí tí àwọn ọmọ á fi wá bá wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí mo lọ kí wọn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Làásárì tán ni aládùúgbò kan wọlé, Alájì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ń kọ́lé sẹ́yìn ilé wa.

“Bàbá Àáfà, ẹ má bínú o. Ìjà kọ́ ni mo bá wá.”

“Ta ló ní ìjà lo bá wá? Jókòó.”

“Páánù yín ni, Bàbá. Típà tó kó yanrìn mi kò lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ìta ni wọ́n ń dà á sí, orí la fi ń rù ú wọlé.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti dá sí i láti ẹnu ọ̀nà. “Alájì, ṣé o ò rí páánù yìí nígbà tí o ń ra ilẹ̀ ni? Àbí o rò pé ó máa fò lọ?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Kò kúkú jìnnà sí i. Ìyẹ́ ni àwọn Lárúbáwá ń pè é.” Wọ́n yíjú sí mi. “Káfíńtà ńkọ́, kí ló pè é?”

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo tún ka àwọn ẹbí rẹ̀ yòókù: ti yunifásítì, ti kànga, ti ẹ̀rọ mọ́sálásí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kì í ṣe òyìnbó nìkan. Lédè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ilé na ìyẹ́ síta, òun àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe títì, àti èyí tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ tí ìjọba ń dáwọ́ lé, ìdí kan náà ni gbogbo wọn ti hù. Ẹnu yà mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Alájì ṣì jókòó, ó ń retí èsì.

Bàbá yíjú sí Alájì.

“Fíkíhì, òfin ẹ̀sìn wa, ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ilé lè na ìyẹ́ sójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, bí kò bá ti ni ẹni tó ń kọjá lára. Kí ẹni tó gun ràkúnmí, tòun tẹrù, lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹríba.”

Àìmọye ìgbà ni mo ti gbọ́ wọn tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú tó ti dàgbà ní ẹ̀kọ́ yìí, lábẹ́ páánù kan náà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbójú sókè wò ó rí.

“Bàbá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “ràkúnmí wo ló ń gba àdúgbò yìí kọjá?”

“Típà Alájì ni ràkúnmí.”

Alájì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. “Àwọn ọmọ kéwú ńkọ́?”

Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn. Bàbá wo ibi tí ẹní wọn wà. Wọ́n fi ọwọ́ pa orúnkún wọn.

“Ẹ bá mi pe káfíńtà.”

Wọ́n gé páánù náà kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ kejì. Oòrùn ọ̀sán wá dé ara ògiri tí mi ò rí i kó dé rí. Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ làwọn máa lò, ṣùgbọ́n àpò ẹ̀lúbọ́ ìyá mi ló kún ibẹ̀ dé àjà.

“Kí n wá kó o sórí ara mi?” ni ìyá mi bi wọ́n.

“Kó o sí yàrá mi.”

“Kí ẹ̀yin wá sùn síbo?”

“Màá sùn ti ẹ̀lúbọ́. Òórùn rẹ̀ kò burú.”

Ìyá mi kùn títí, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ló gbé àpò àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, nígbà tí ọ̀sán pọ́n, bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, nítorí wọ́n ń yí tẹ̀súbáà láìka nǹkan kan sí i. Ibẹ̀ gbóná, kò sì mọ́lẹ̀ tó ìta. Àwọn ọmọ kò tètè dé. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ariwo wọn lókèèrè, wọ́n sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ti ara wọn kiri, wọ́n ń jìjà ibi tó sún mọ́ fèrèsé. Gbogbo wọn ti bọ́ sílípáàsì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dà káàkiri títí wọ inú ọ̀nà lọ.

Bàbá na ọrùn wò ó.

“Ẹ dìde, gbogbo yín. Ẹ lọ kó bàtà yín wọlé. Ẹlòmíràn fẹ́ kọjá.”