Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Mo Fá, Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Mo Fi Sílẹ̀

Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó kí ènìyàn sọ fún mi pé ohun ọkùnrin ni rẹ́sà. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, níwájú gbogbo ẹbí, nígbà tí ilẹ̀ sàréè bàbá mi kò tíì gbẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi gba ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nínú gbogbo ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀.

Inú àpótí onígi kékeré kan ni ohun náà wà: rẹ́sà onírin tó wúwo, irú èyí tí wọ́n ń tú lórí kí wọ́n tó ki abẹ fẹ́lẹ́ sí i, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, àti abọ́ ọṣẹ onígi tó ní ọmọrí. Bàbá mi rà wọ́n nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba, nígbà tí owó oṣù ṣì ń ra nǹkan. Ọmọ Oǹdó ni, ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́ ló sì ti ń ya àwòrán ilé. Mi ò rí i rí kó jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n lójú. Láràárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé tí a háyà ní Òkè-Àró, á po ọṣẹ nínú abọ́ títí yóò fi ki bí ògì, á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká, á wá máa fá a wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá parí, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ó ti mọ́." Ẹni tó bá kí i káàárọ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìdáhùn ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló máa gbà.

Ìgbà tí nǹkan le jù ni rọpárọsẹ̀ mú un. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì dàrú mọ́ ọn lẹ́nu débi pé èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyá mi ti kú, èmi nìkan sì lọmọ. Oúnjẹ wọ́n, oògùn wọ́n, epo ọkọ̀ ò sí. Síbẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ mú bàbá mi sunkún lójú mi kì í ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Irùngbọ̀n ni. Lọ́sẹ̀ kejì tó dùbúlẹ̀, irùngbọ̀n funfun ti bo ojú rẹ̀, bí àlejò bá sì wọlé, á kọjú sí ògiri.

Ni mo bá gbé àpótí náà sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo tẹ rẹ́sà mọ́ ọn lójú bí ẹni ń bẹ iṣu, ẹ̀jẹ̀ sì jáde lábẹ́ àgbọ̀n. Bàbá mi ò pariwo. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó dẹ ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fà á wálẹ̀ pẹ̀lú mi. Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn, láìsọ̀rọ̀: kì í ṣe agbára, ìwúwo irin náà ti tó, tèmi ni kí n fi ìka na awọ ara, kí n sì máa tọ́ rẹ́sà lọ síbi tí irun bá sùn sí. Oṣù kan kò pé tí ọwọ́ mi fi mọ ojú yẹn ju bó ṣe mọ tèmi lọ.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi fá a. Ní Ọjà Ọba, àwọn tó ń ta abẹ fẹ́lẹ́ ti ń tú páálí rẹ̀ tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ni mo máa ń rà, tó bá sì kú, mo máa ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ife onígíláàsì, kí n máa yí i síwá sẹ́yìn títí yóò fi tún mú. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ti wọ́n kọjá agbára wa, nítorí náà mo ń ṣa ègé ọṣẹ ìwẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, mo ń yọ́ wọn lórí sítóòfù, mo sì ń dà wọ́n sínú abọ́ onígi náà. Ìyá onílé wa, ọmọ Àkúrẹ́, yọjú wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní uṣẹ́ ọkùnrin mà ni mò ń ṣe yìí. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ọkùnrin tó máa ṣe é, mà.

Ọkùnrin kan wà ní tòótọ́. Bàbá Oǹdó ni mo máa ń pe àbúrò bàbá mi yìí. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè, ó ṣàròyé pé epo ti sọ owó ọkọ̀ di nǹkan mìíràn, ó gbàdúrà, ó lọ. Láti Oǹdó sí Àkúrẹ́! Àwọn olùkọ́ ń ti Ìgbàrà-Òkè wọ Àkúrẹ́ lójoojúmọ́ nínú ọ̀wọ́n epo kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi kú, mo fá a kí wọ́n tó gbé e.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí àárín ilé ní Oǹdó. Wọ́n pín agbádá, wọ́n pín bàtà, wọ́n pín rédíò. Mi ò bá wọn du ọ̀kankan. Àpótí onígi yẹn nìkan ni mo ní kí wọ́n fún mi. Bàbá Oǹdó gbé e sókè kí gbogbo ẹbí lè rí i.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ìwọ náà hu irùngbọ̀n ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin gan-an rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun ọkùnrin ni, ó sì tì í sábẹ́ àga rẹ̀. Èmi tí mi ò kì í gba gbẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ, mo sì gbé e bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì.

Lẹ́yìn ọdún méjì náà ni ó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Ìjọ wọn fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣá ara rẹ̀ lẹ́nu. Kò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, torí ìgbà náà ni àrùn kògbóògùn gbòde, tí gbogbo ènìyàn ń sá fún abẹ tó ti kan ara ẹlòmíràn. Ó ní kí n wá fá òun, pé òun ti gbọ́ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi tí mi ò hu irùngbọ̀n. Mo wọ ọkọ̀ Oǹdó ní Sátidé, kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Àpótí yẹn ni mo ń lọ mú.

Ó ti gbé àga sí ìta gbàgede, ó gbé omi gbígbóná àti dígí sórí tábìlì. Mo ṣí àpótí. Rẹ́sà ti dógùn-ún, orí rẹ̀ ò fẹ́ tú mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ti dúdú, ó ń rùn. Mo bi í léèrè. Ó ní òun máa ń fi ra ọ́ìlì sí ṣéènì alùpùpù òun ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì náà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo fi sípírítì nu rẹ́sà títí orí rẹ̀ fi tú, mo sì ki abẹ tuntun sí i.

Mo po ọṣẹ, mo kùn ún sí i lójú. Ohun tí mi ò retí ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí ọṣẹ ṣe bo ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ku ojú àti imú nìkan, bàbá mi ló jókòó síwájú mi. Egungun àgbọ̀n kan náà ni. Ibi tí irun ń sùn sí lọ́rùn kò yàtọ̀. Inú bí mi pé ó ní ojú yẹn, pé ó ń fi jẹun, ó ń fi rẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹni tó ni ín wà nínú ilẹ̀.

Mo fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà mo ṣan rẹ́sà, mo nù ún, mo gbé e lé itan mi, mo jókòó.

"Ó ku apá kan," ó wí.

"Mo mọ̀, sà. Ta ló ni rẹ́sà yìí?"

Ó ní ohun ẹbí ni. Mo mú aṣọ ìnura, mo nu ọṣẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ kejì, mo sì gbé dígí fún un. Apá kan ń dán, apá kejì hù búrúbúrú. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́. Ó bi mí bóyá nítorí irin lásán ni mo ṣe fẹ́ kó lọ dúró níwájú ìjọ báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, nítorí irin lásán ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èmi ọmọdé yìí, ó sì dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó gbé dígí dojúbolẹ̀ sórí tábìlì.

"Ìwọ lo ni ín," ó wí. "Ìwọ lò ń fá a fún un. Mi ò wá."

Mi ò retí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Mo tún po ọṣẹ. Nínú ọkàn mi, mo fẹ́ fá apá kejì ní ìfákúfàá, kó rí gátagàta, kí ìjọ bi í léèrè ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ mi kọ̀. Ó na awọ ara, ó tọ́ rẹ́sà lọ síbi tí irun sùn sí, ó rọra yípo lábẹ́ àgbọ̀n níbi tí mo ti ṣá bàbá mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo parí, Bàbá Oǹdó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ti mọ́," ó wí.

Mo kó rẹ́sà, búrọ́ọ̀ṣì àti abọ́ ọṣẹ sínú àpótí, mo gbé e mọ́ àyà wọ ọkọ̀. Inú ń bí mi láti Oǹdó títí mo fi dé Àkúrẹ́. Ó ń bí mi sí Bàbá Oǹdó, ó sì ń bí mi sí ọwọ́ mi méjèèjì, tí wọ́n fá a dáadáa bẹ́ẹ̀, tí wọn ò ṣá a níbì kankan.