Ìwé Ẹ̀wà Màmá Bírò

Ó ku ọ̀la kí tíṣà sáyẹ́ǹsì fẹ̀yìn tì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àyẹ̀wò mọ́. Màmá Bírò làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, òun náà sì mọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní fún ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ rẹ̀: bírò lo máa fi kọ ọ́, o ò sì gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́. Bó o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan lé e, kó ṣì ṣeé kà.

"Ma, ìwé yìí mà ti rí jákujàku!" ọmọ kan á ní.

"Lọ ra èyí tó mọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ò ṣe nǹkan kan rí," á dá a lóhùn.

Èèyàn líle ni, ká má purọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń sá fún un láàárọ̀ náà ni kì í fẹ́ lọ sílé nírọ̀lẹ́.

Nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀ ti ba ìwé ẹ̀wà, ìwé táwọn ọmọ kan kọ ìwádìí wọn lórí ẹ̀wà sí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń yẹra fún un.

Lọ́dún yẹn, ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Rúlà, torí rúlà kì í kúrò lápò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fẹ́ mọ̀ bóyá omi ọṣẹ tí wọ́n fi fọṣọ lè mú ẹ̀wà dàgbà. Wọ́n gbin ẹ̀wà sí agolo méjìlá: mẹ́fà ń mu omi ọṣẹ, mẹ́fà ń mu omi tó mọ́. Àràárọ̀ ni Rúlà ń wọ̀n wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀wà omi ọṣẹ ti ga ju ìyókù lọ. Ariwo ayọ̀ gba yàrá. Ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ìwádìí náà lọ ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni tíṣà ro ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ti ń ṣe. Tí àwọn ọmọ bá wà ní kíláàsì, àánú ẹ̀wà omi ọṣẹ máa ń ṣe é, torí wọ́n kọ́kọ́ ń rọ. Á gbé wọn sójú fèrèsé kí oòrùn lè ta sí wọn, á dá wọn padà kí aago ìparí ẹ̀kọ́ tó lù. Kò kà á sí nǹkan kan. Àṣé oòrùn ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọṣẹ.

Kò sẹ́ni tó rí i. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì kà á fún Rúlà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ma, ẹ̀yin? Ẹ̀yin fúnra yín?" Rúlà ní.

"Èmi ni o, ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọn ò lọ síbi ìdíje mọ́. Rúlà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Lẹ́yìn náà, ó wá yá ìwé náà fún oṣù kan. Nígbà tó dá a padà, "Ẹ ṣé, ma" nìkan ló sọ. Ó ṣèdánwò àṣejáde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú ti tíṣà débi pé kò lè ṣí ìwé náà wò, ó tì í sísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Látìgbà náà lẹ̀rù ti ń bà á pé àánú òun ló pa ìfẹ́ ìwádìí nínú ọmọ ọlọ́mọ.

Ó jókòó, ó ṣí i wàyí. Ó rí ìkọ̀wé ara rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, èyí tó yẹ kó ṣófo.

Kò ṣófo. Rúlà ti gbin ẹ̀wà mìíràn nílé wọn. Agolo méjìlá, ọjọ́ mọ́kànlélógún, gbogbo wọn lójú fèrèsé kan náà. Ẹ̀wà omi ọṣẹ ló kúrú jù. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Màmá mi fẹ́ gbé agolo kan sún mọ́ oòrùn lónìí. Mo ní kí wọ́n má ṣàánú rẹ̀. Ma, ẹ bá mi wò ó bóyá mo gbà á."

Ọmọ náà ti retí èsì títí ó fi lọ.

Màmá Bírò nu ojú. Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì òǹkà náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kìíní. Àròpọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ò tọ̀nà. Ó fa ìlà kan lé e, kó ṣì ṣeé kà.